Ẹni Tó Wá Ra Ìdákẹ́jẹ́

Mo mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí orúkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn páálí kásẹ́ẹ̀tì,
lẹ́tà wínníwínní, nísàlẹ̀ pátápátá,
níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kì í dé:
Ìbídùn Ògúnlàdé, Kàdúná.
Èmi ni mò ń gbé páálí,
òun ló ń gbọ́.
A jókòó, a di ojú méjèèjì,
a fi ìka kan ṣoṣo lu tábìlì, a ní,
"Ọmọ yìí á tà. Èyí ò níí tà.
Èyí á tà, ṣùgbọ́n yóò já wa kulẹ̀."
Kò ṣìsọ rí.
Bàbá rẹ̀, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó kiri aṣọ láti Jọ́ọ̀sì dé Sáríà,
ló kọ́ ọ pé etí ni wọ́n fi ń nájà, kì í ṣe ẹnu.

Lẹ́yìn náà kásẹ́ẹ̀tì kú.
Síídì sin ín, síídì náà kú,
fóònù dé, kò tilẹ̀ dúró ṣe òkú ẹnikẹ́ni.
Orin di atẹ́gùn. Ta ní í san owó atẹ́gùn?
Ìstífánù, tó fi owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ gbé dìde,
kọjá níwájú wa ní Wúsè nínú ọkọ̀ dúdú,
ó rí wa, ó gbé gíláàsì sókè.
Mo bú u.
Ìbídùn ò bú u. Ó ní,
"Ṣé o rí bó ṣe gbé gíláàsì yẹn, díẹ̀díẹ̀,
tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ lọ, kí fìlà tó lọ?"
Mi ò mọ ohun tó ń sọ.

Ó ta ilẹ̀ Kúbwà. Ó ta mọ́tò.
Ọ̀gá kan ní Máítámà ní òun á fi owó sí fíìmù náà
bí ọmọbìnrin òun bá lè jẹ́ olorì.
Kò sí ọba nínú ìtàn náà, ká má tí ì sọ olorì.
Opó kan ló wà níbẹ̀, tó ń gbẹ́ kànga.

Báyìí ni a ṣe dé Uṣáfà, lẹ́sẹ̀ òkè,
níbi tí àwọn obìnrin Gbagyi ń fi èjìká ru igi,
tí wọ́n sì fi òṣèré wa láti Èkó rẹ́rìn-ín
nítorí pé orí ló gbé tirẹ̀ lé.
Èmi tí mò ń gbé páálí,
ọ̀pá gígùn tí makirofóònù wà lórí rẹ̀ ni mo gbé,
apá mi ń gbọ̀n bíi tọjọ́sí.
"Ẹ dákẹ́!" Abúlé dákẹ́. Ewúrẹ́ pàápàá.
Ẹ̀rọ ìlọkà Baba Ṣékwólò nìkan ni kò gbọ́,
kùtù-kùtù-kùtù lẹ́yìn ògiri.
Ìbídùn mú ẹgbẹ̀rún márùn-ún lọ bá a.
Ọdún mọ́kànlélógún ló fi ta ariwo,
òní ló kọ́kọ́ ra ìdákẹ́jẹ́.

Baba wo owó. Ó wo ìlà àwọn ọmọdé tó gbé igbá dání.
Ó fi Hausa bi í léèrè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́:
"Obìnrin inú fíìmù rẹ yìí,
ṣé kì í jẹun ni?"

Ìbídùn dúró. Ó di ojú méjèèjì.
Mo rí ìka kan tó ń lu itan rẹ̀.
Ó yíjú sí wa: "Ẹ jẹ́ kó máa lọ̀.
Ẹ gbé kámẹ́rà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ yẹn."

Lálẹ́, bí a ti ń ká wáyà, mo bi í bóyá yóò tà.
Ó ní, "Mi ò mọ̀,"
ó sì bú sẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n já ẹrù lórí rẹ̀.

Orúkọ rẹ̀ yóò yọ lójú aṣọ funfun
nígbà tí èrò bá ti dìde, tí wọ́n ń wá bàtà.
Tèmi náà yóò tẹ̀ lé e, wínníwínní, nísàlẹ̀.
Mo ti sọ fún ìyàwó mi
kó má tètè dìde.