Òkúta Inú Ẹ̀wà

Ní Fort Davis, ní ìwọ̀ oòrùn Texas,
wọn kì í tan iná ìta sókè.
Àtùpà iwájú ilé epo pàápàá dé fìlà,
ó ń wolẹ̀ bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé.
Òkùnkùn ni wọ́n ń gbìn lórí òkè yìí,
òun náà la sì ń jẹ.

Eliseo ló ń darí awò awọ̀nà-jíjìn.
Kò lè pe orúkọ mi já:
Ìbídùn di Ibi lẹ́nu rẹ̀.
Mo ní kò burú,
ibi kan ṣáà là ń wá.

Ìyá mi àgbà a máa da ẹ̀wà sórí atẹ
lẹ́yìnkùlé wa ní Ìlá.
Ìka rẹ̀ á máa rìn, á máa ju òkúta sínú agolo:
kó. Kó.
Á ní, "Òkúta kan ò wá ju eyín kan lọ."
Èmi rèé, mo da ọ̀run sórí atẹ,
ọ̀kẹ́ mẹ́wàá ìràwọ̀ nínú kọ̀ǹpútà,
ẹ̀wà ni mò ń dànù,
òkúta ni mò ń wá.

Kì í hàn nínú àwòrán àkọ́kọ́.
Nínú èkejì, kò sí. Nínú ẹ̀kẹta, kò sí.
Nínú èyí tó pupa kọjá ibi tí ojú èèyàn ń dé
ló ti máa ń yọ, bí orí abẹ́rẹ́.
Kúásà: ihò dúdú tó ń jẹun,
tí oúnjẹ ń pariwo ìmọ́lẹ̀ kó tó dé ọ̀fun rẹ̀.
Ìmọ́lẹ̀ yẹn ti kúrò nílé
nígbà tí ilẹ̀ ayé ò tíì ní ilẹ̀.
Ó ń rìn, ọ̀nà ń gùn sí i lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀,
aṣọ ọrùn rẹ̀ ń fà, ó ń fà,
títí aró inú rẹ̀ fi ṣí, tó ku pupa nìkan.

Òpùrọ́ sì pọ̀ láàárín wọn.
Ìràwọ̀ aràrá, tútù, pupa,
aládùúgbò tó ń ṣe bí àlejò ọ̀nà jíjìn.
Mọ́kànlá la yẹ̀ wò lóṣù Èrèlé,
mọ́kọ̀ọ̀kànlá ló purọ́ fún wa.

Lálẹ́ àná, atẹ́gùn dìde.
Eliseo ní, "Ogún ìṣẹ́jú, Ibi, kí n tó ti òrùlé."
A dojú awò kọ ibi tí èèyàn ń wò tí kò rí nǹkan.
Ó ń jẹ ẹ̀wà tí ìyàwó rẹ̀ ká sínú àkàrà àgbàdo pẹlẹbẹ.
N ò sọ nǹkan kan.

Ìlà náà jáde.
Láti òsì, òfo, òfo,
haidirójìn àtijọ́ ti gbé gbogbo rẹ̀ mì.
Lẹ́yìn náà ni ògiri kan dìde lójijì,
ó hàn gbọnrangandan.
Eliseo dá ẹnu dúró pẹ̀lú òkèlè.
Lókè wa, òrùlé ń pa dé, ó ń ké bí ìlẹ̀kùn àbà.

Mo pe bàbá mi. Ilẹ̀ ti mọ́ tipẹ́ ní Ìlá.
"Bàbá, mo rí i."
"Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"
"Ó ń jẹun."
"Títí di ìsinsìnyí?"
Adìẹ kan ń ké lẹ́yìn ohùn rẹ̀.
"N ò mọ̀, Bàbá. Ìròyìn rẹ̀ ló dé, òun kọ́."
Ó rẹ́rìn-ín. "Á ti yó.
Ìgbà wo lẹ máa tún wò ó?"
"Bí atẹ́gùn bá rọlẹ̀."