Ṣíbí Kan Láti Whanganui

Níbi tí àwọn ẹ̀mí ti ń fò lọ sókun ni a ti bẹ̀rẹ̀,
lóṣù Kọkànlá, èmi Mereana, ìwọ Eruera,
aṣọ wa ṣì mọ́, ẹnu wa ṣì ń dùn.
O ní, "Etíkun lásán nìyí."
Àádọ́rùn-ún máìlì ni wọ́n ń pè é.
Kò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹsẹ̀ mi ò mọ ìṣirò:
ó wú bí àkàrà tí epo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà.

A gé igi búrọ́ọ̀ṣì eyín wa sí méjì kí ẹrù lè fúyẹ́.
Ìwé tí a bá kà tán lálẹ́, a ya á, a fi dáná àárọ̀.
Ṣíbí méjì la mú kúrò nílé.
Odò Whanganui gba ọ̀kan
lọ́jọ́ tí ọkọ̀ wa dojú dé,
mo sì jókòó sórí iyanrìn, mo ń sunkún nítorí ṣíbí,
ìwọ ń fún omi kúrò lára ẹ̀wù, ò ń rẹ́rìn-ín,
ìrẹsì wa ń léfòó lọ sókun ṣáájú wa.

Láti ọjọ́ náà, o jẹ ẹ̀ẹ̀kan, mo jẹ ẹ̀ẹ̀kan.
Ẹni tí inú bá ń bí ni yóò kọ́kọ́ jẹ:
ìwọ lo ṣe òfin yẹn.
N kò mọ bí o ṣe ń mọ̀,
ṣùgbọ́n lórí òkè Tararua,
nínú kùrukùru tí n kò fi rí ìka ẹsẹ̀ ara mi,
alẹ́ márùn-ún lo gbé abọ́ fún mi láìsọ̀rọ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà.
Ẹgbẹ̀ẹ́dógún kìlómítà, díẹ̀díẹ̀.
Ẹrẹ̀ igbó Longwood bọ́ bàtà ọ̀tún rẹ,
o tẹ̀ ba, ò ń fọwọ́ wá a bí ẹni ń wá ẹyin adìyẹ.
Orúnkún rẹ wú. Mo gba àgọ́ léjìká rẹ.
O ní kí n má ṣe sọ fún ìyá rẹ.

Lọ́jọ́ ìkẹyìn, ọkọ̀ akẹ́rù ń fẹ́ wa sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì
títí a fi dé Bluff, títí òpó aláwọ̀ ìyeyè náà fi yọ,
ó na apá sí Lọ́ńdọ̀nù, ó na apá sí Tókíò,
bí ẹni pé a ṣì fẹ́ máa lọ.
Ó ku ogún ìṣísẹ̀, o dúró.
Mo rò pé orúnkún ni.
O ní, "Bí mo bá fọwọ́ kàn án, ọ̀la ńkọ́?"

N kò ní èsì. Mo padà wá bá ọ.
A jókòó sórí òkúta, à ń wo ọkọ̀ apẹja tó ń wọlé.
Àwọn aráàlú ń fa ajá wọn kọjá,
wọ́n ń kí wa kia ora
bí ẹni pé ilé kejì la ti jáde wá.
Òjò dé, bí ìṣe rẹ̀.
Òjò ló lé wa débẹ̀, kì í ṣe ìgboyà.

Irin ni. Ó tutù.
A sọ ẹrù kalẹ̀, ẹ̀rù sì bà wá.
Baba apẹja kan bá wa ya fọ́tò,
àtàǹpàkò rẹ̀ bo ojú rẹ pátá;
èmi nìkan ló hàn, mo kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́,
mo ń rẹ́rìn-ín sí àtàǹpàkò.

Ní ṣọ́ọ̀bù ẹja díndín,
ọmọbìnrin tó ń tajà ò bi wá léèrè ibi tí a ti ń bọ̀,
òórùn wa ti sọ fún un.
Ó bu ọ̀dùnkún kún inú bébà,
ó fi fọ́ọ̀kì onígi méjì lé e.
Méjì.
A wò wọ́n, a wo ara wa.
O mú ọ̀kan, o tì í bọ àpò.
N kò tíì sọ pé inú ń bí mi,
sí òkun, sí títì tó tán,
o ti na èyí tó kù sí mi.

Mo kọ́kọ́ jẹ. Ó jó mi lẹ́nu.