Ọwọ́ Òsì, Má Bínú

Ọwọ́ òsì mi, má bínú.
Láti kékeré ni wọ́n ti ń lé ọ kúrò nídìí àwo.
Ìyá mi nà ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́jọ́ kan ṣoṣo
torí mo fi ọ́ na owó epo sí Alájà Ṣìfáwù ní Òkè-Balógun.
"A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, Kúburátù!"
O gbọ́. O ká jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.
Bí mo bá ń gé ẹja, ìwọ lo máa ń di orí rẹ̀ mú,
ọ̀tún ni wọ́n máa ń kí kú iṣẹ́.

Èmi náà kò rántí rẹ
títí bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ fi dé ọwọ́ mi
lórí sìmẹ́ǹtì tó ti là lẹ́yìn ilé-ìwé wa,
níbi tí atẹ́gùn ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ ti ń gbé òórùn ẹja yíyan kọjá.
Kóòṣì Dísù wò mí fún ìṣẹ́jú méjì, ó mi orí:
"Ọlọ́wọ́ kan ni ọmọ yìí."
Mo rò pé ó ń ṣàwàdà.
Ọjọ́ Sátidé, ọmọbìnrin kan láti Ìkòròdú
dúró sápá ọ̀tún mi bí ilẹ̀kùn tí wọ́n ti tì,
ó gba bọ́ọ̀lù náà lẹ́ẹ̀mẹ́fà.
Mo kà á.
Lápá òsì, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ gbayawu,
n kò ní ọwọ́ tí mo lè fi gba ibẹ̀.

Ni mo bá ń jí bá ọ.
Lẹ́yìn àsùbáà, kí ọkọ̀ àwọn ẹlẹ́ja tó gúnlẹ̀,
mo fi ìborùn àtijọ́ so ọ̀tún mọ́ ẹ̀yìn,
mo ní, ó yá, ìwọ nìkan.
Gbì. Gbì. Gbì-gbì. Ó tán.
Mọ́kànlá péré lọ́jọ́ àkọ́kọ́.
Bọ́ọ̀lù gbá mi lọ́mọ ìka ẹsẹ̀, ó já sí gọ́tà,
ó gba gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ bá ọ̀sà.
Ọmọ kan tó ń gbọ́n omi inú ọkọ̀ bá mi fi àjẹ̀ gbé e,
ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ tà á ni?"

"Má gbá a létí, kò ṣẹ̀ ọ́," ni Kóòṣì wí.
"Orí ìka ni. Tẹ orúnkún. Gbójú sókè,
bọ́ọ̀lù mọ ọ̀nà ilẹ̀, kò ní ṣìnà."
Òsì, ọ̀tún, fò. Òsì, ọ̀tún, fò.
Ẹsẹ̀ mi mọ̀ ọ́n kí ìwọ tó mọ̀ ọ́n.
O ń gbé bọ́ọ̀lù sí ẹ̀yìn pátákó,
o ń gbé e sórí òrùlé Kíláàsì Kẹta,
o ń gbọ̀n bí ọwọ́ ẹni tó fẹ́ jí ẹran nínú ìkòkò.
Ọgọ́rùn-ún. Kí n tún un ṣe. Ọgọ́rùn-ún.
Mo sunkún ní Ọjọ́bọ̀. Kò sẹ́ni tó rí mi àfi ìwọ,
ìwọ lo sì nu ojú mi,
ọ̀tún ṣì wà nínú ìdè.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo wo bàbá mi nídìí àwọ̀n.
Òsì rẹ̀ ní ń ka ojú àwọ̀n, òsì ní ń wọn àlàfo,
ọ̀tún kàn ń fa okùn kọjá ni.
Mo ní, "Bàbá, ta ló kọ́ òsì yín?"
Ó wo ọwọ́ náà pẹ́, bí ẹni pé àlejò ló wọlé.
Kò dá mi lóhùn.
Lọ́jọ́ kejì, ó gun àkàbà,
ó so àwọ̀n tí akàn ti gé mọ́ irin apẹ̀rẹ̀ wa
tó ti wà níhòòhò láti ọdún tó kọjá.
Ìpẹ́ ẹja kan ṣì lẹ̀ mọ́ ọn, ó ń dán.

Ìpẹ́ yẹn ni mò ń wò báyìí bí mo bá fò.
Nígbà míràn ìwọ a gbé e wọlé, ṣùàà,
nígbà míràn irin a pọ̀ ọ́ padà.
N kò tíì mọ ohun tí a máa rí bí ará Ìkòròdú bá tún dé.

Ṣùgbọ́n lánàá, ìyá mi ju kọ́kọ́rọ́ sí mi láti ẹnu ọ̀nà.
Ọ̀tún wà nínú omi àwo.
Ìwọ lo hán an.
Ìyá mi la ẹnu láti sọ̀rọ̀,
ó wò ọ́,
ó ní kí n lọ ṣílẹ̀kùn.