Ohun Tí Láwánì Ń Pè Ní Sẹ́ẹ̀tì

Lọ́jọ́ tí Láwánì ti Ìmẹ̀kọ wá kí wa ní Kétu,
eruku pupa bò ó dé ìpéǹpéjú.
Ó gbé páálí kan lé orí àpótí, ó ní,
"Sẹ́ẹ̀tì abọ́ ni, ti Ìyá Ìlárá."
Abọ́ tánganran mẹ́fà tó ń gbé ara wọn mì,
ńlá gbé kékeré mì,
kékeré gbé èyí tó kéré jù ú lọ mì,
òdòdó pupa kan nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àwa kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí.
Faransé ni tíṣà fi ń nà wá nílé ìwé;
Gẹ̀ẹ́sì, bí epo bẹntiróòlù inú ìgò,
òru ló ń gba ẹnubodè wọlé.
Mo ní, "Kí ló ń jẹ́ sẹ́ẹ̀tì?"
Láwánì rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ilé onílé.

Ó ní àwọn tó bá òun jáde ìwé mẹ́fà, sẹ́ẹ̀tì òun ni wọ́n.
Góòlù tó wà létí, lọ́rùn, lọ́rùn ọwọ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun,
sẹ́ẹ̀tì kan ni.
Bí oòrùn bá wọ̀, òyìnbó á ní ó sẹ́ẹ̀tì.
Bí ẹ̀kọ bá dì nínú ewé, ó sẹ́ẹ̀tì.
Ọdẹ dẹ pakúté: sẹ́ẹ̀tì.
Wọ́n to eegun ẹsẹ̀ tó ṣẹ́: òun náà ni.

Ìyá Ìlárá ń ṣa ẹ̀wà lórí atẹ, kò gbójú sókè.
"Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo?
Ẹni tó ń fi ẹ̀wù kan roko, tó fi ń jáde, tó fi ń sùn,
ṣé ẹ̀yin ń pè é ní ọlọ́rọ̀?
Tiwa, oòrùn ń wọ̀, ẹ̀kọ ń dì,
a ń dẹ pakúté, a ń to eegun.
Kò sẹ́ni tó máa wá oòrùn lọ sẹ́nu pakúté."

Mi ò sọ fún un pé ẹ̀wù náà là ń wọ̀,
pé à ń wọ ọkọ̀,
pé ọ̀rọ̀ a máa wọni lára.
Ẹnìkan kì í bá Ìyá Ìlárá jiyàn kí ẹ̀wà tó jinná.

Ọdún mẹ́rin la fi jẹun nínú abọ́ yẹn, ẹni mẹ́fà, abọ́ mẹ́fà.
Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni ti Bẹ́nuà.
Lójọ́ tó ń lọ sí Gàbọ́n, ìdájí ni,
Ìyá Ìlárá bu gààrì kún un, ó fi kúlíkúlí dé e lórí,
ó fi aṣọ dì í.
A sìn ín dé Àkábà Ìdẹ́nà.
Ọkọ̀ Kútọnú gbé e, gbogbo rẹ̀ náà nìyẹn.

Láti ìgbà náà, àwọn abọ́ kò jókòó dáadáa mọ́.
Àlàfo kan wà láàárín wọn.
Bí ọkọ̀ símẹ́ǹtì bá ti Onígbólò kọjá lóru,
àwọn kékeré á máa lu ikùn ńlá,
gbàlà, gbàlà, nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Láwánì tún dé. Ó ti wá a ká gbogbo ọjà Ìmẹ̀kọ.
Ó ní wọn kì í tú u tà.
Ìyá Ìlárá ní, "Mo mọ̀.
Ṣùgbọ́n, Láwánì, nínú gbogbo ohun tí ọ̀rọ̀ yín yẹn ń jẹ́,
èwo ni ti mẹ́fà tó ku márùn-ún?"
Láwánì wo ilẹ̀. Ó mu omi. Ó tún wo ilẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo ka àkísà kan,
mo fi dí àlàfo náà, kí ilé lè rí oorun sùn.
Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bá àkísà náà lórí okùn,
ó ti fọ̀ ọ́, ó ti sá a.
Ó ní, "Jẹ́ kó máa ró."