Ńgílà

Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń gbé ìlú tí ẹnu mi kò lè pè.
Llanelli.
Ọkùnrin tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò nínú rélùwéè
ní kí n fi ahọ́n ti èrìgì òkè,
kí n jẹ́ kí èémí gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ jáde
bí epo gbígbóná tí omi kán sí.
Mo gbìyànjú. Itọ́ ta sí i lára.
Ó nu ojú, ó ní, "Ó kù díẹ̀."

Ọmọ mi kò mọ ìyà yẹn rárá.
Ṣíjúwadé, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,
òun àti Gethin ọmọ ilé kejì
ti jókòó sórí àtẹ̀gùn wa látìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀
— níhìn-ín, ìyẹn ni pé láti oṣù kẹsàn-án —
wọ́n ń dá èdè sílẹ̀.

Tábò ni búrẹ́dì.
Bó bá jẹ́ tèmi, dábò.
Bó bá ti tán, nábò.
Mo ní, kí ló dé tí t yìí fi ń sá kiri?
Gethin wò mí bí ẹni tó béèrè ìdí tí omi fi ń tutù.
Cath ni ológbò nílé tiwọn;
bó bá jẹ́ tìẹ, ó di gath,
bó bá jẹ́ tèmi, nghath.
Ta ló wá fẹ́ kí kọ́nsónáǹtì jókòó sójú kan?

Ọ̀rọ̀ gb dé, ìjà dé.
Ṣíjúwadé ní òun ò ní í sọ èdè tí kò ní gb.
Gethin pa ètè dé, ó sọ gúbù, ó sọ bùgú,
ó fomi sẹ́nu kó lè mọ bó ṣe rí,
ó tú u sórí kápẹ́ẹ̀tì mi.
Wọ́n bá pàdé láàárín ọ̀nà:
gb di ti àárọ̀ Sátidé nìkan,
lọ́jọ́ yòókù, b lásán ti tó.

Mo ń lọ aṣọ iṣẹ́ lọ́wọ́,
bẹ́ẹ̀dì aláìsàn ń dúró kí n wá tì í títí ilẹ̀ yóò fi mọ́,
ni fóònù dún láti Ìbàdàn.
"Síjúwadé mi ńkọ́? Sé ó jẹ isu lónìí?"
Ìyá mi. Ní yunifásítì l'Ékòó ni wọ́n ti fi s yẹn fi mí ṣẹ̀sín
títí mo fi kan àmì mọ́ ọn nídìí
bí ẹni kan ìṣó mọ́ bàtà.

Ọmọ náà ti mú bírò.
Ó kọ ọ́ sínú ìwé tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya:
ṣ a máa di s
bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá jìnnà, tó sì fẹ́ràn ẹ.
Gethin ní òfin gidi nìyẹn.

Kílà ni ilé. Gílà, ilé mi.
Ilé téèyàn fi sílẹ̀ ńkọ́, mo bi wọ́n.
Wọn ò tíì ní i. Wọ́n forí korí, ó pẹ́ díẹ̀.
Ńgílà, ni wọ́n wí:
ohùn á gba imú kọjá
bí ìgbà tí ọ̀fìnkìn bá múni,
tàbí téèyàn ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Mo sọ ọ́ nínú bọ́ọ̀sì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
Obìnrin tó wà níwájú yíjú padà,
mo ní kó má bínú.
Lẹ́yìn náà mo fi ahọ́n ti èrìgì,
mo tún dán orúkọ ìlú wò.
Fèrèsé gba itọ́ tirẹ̀.