Ẹni Tí Kì Í Sọ̀rọ̀ Nínú Ilé

Agogo mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún,
mo ti sọ̀ lórí ọ̀kadà lẹ́nu ọ̀nà Ilé Aṣòfin,
eruku títì Gbọ̀ngán ṣì wà lára bàtà mi.
Tìámíyù ló ń ṣọ́ géètì,
ọwọ́ òsì ló fi ń kọ orúkọ àlejò,
ọwọ́ ọ̀tún ti rọ láti ọdún tí owó oṣù di ìlàjì.

Mo ń kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀. Iṣẹ́ mi nìyẹn.
Ọlọ́lá dìde, mo kọ ọ́.
Ọlọ́lá wúkọ́, n kò kọ ọ́.
Ó ní, "Gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ lánàá,"
bẹ́ẹ̀ ó sùn lánàá ni,
mo kọ ọ́ bó ṣe wí.
Rafátù ọ̀gá mi ló kọ́ mi:
"Etí ni ọ́ níbí, Ọmọ́yẹni. Etí kì í fèsì."

Ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń dé.
Agbádá wọn á kọ́ ilẹ̀kùn,
wọn á béèrè ilé ìtọ̀ lọ́wọ́ wa,
kí wọ́n tó mọ̀nà ibẹ̀ láìbéèrè, ìbò ti tún dé.
Àwa la mọ fèrèsé tí kì í pa dé bí òjò bá ń bọ̀ láti Òkè-Fìà,
àwa la mọ gbohùngbohùn tó ń gbé èèyàn lẹ́nu,
iye dísù tí jẹnẹrétọ̀ ń mu
bí àlàyé lórí àbá òfin bá gùn ju ọ̀sán lọ.
Láṣebìkan ló ń gbé ọ̀pá àṣẹ wọlé.
Àkísà kíjìpá ìyá rẹ̀ ló fi ń nù ún,
aláró ni ìyá náà, aró ọ̀hún kò tíì ṣá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ìgbìmọ̀ ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ jókòó.
Wọ́n ní a ti pọ̀ jù.
Wọ́n ní kí orúkọ mẹ́rìnlá kúrò.
Ọlọ́lá kan rẹ́rìn-ín, ó ní òun ní ọmọ ẹ̀gbọ́n kan
tó gboyè tó wà nílé lásán,
ìrìn rẹ̀ gún régé, ọ̀pá àṣẹ á yẹ èjìká rẹ̀.
Alága wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù kẹfà:
"Ìwọ, pa ìyẹn rẹ́."
Mo pa á rẹ́.
Ó rọrùn bí ẹni pa yànmùyánmú.
Ṣùgbọ́n ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó pa yànmùyánmú,
ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Èmi náà ni wọ́n ní kí n tẹ orúkọ àwọn tí ń lọ.
Ẹnì kìíní, Tìámíyù.
Ẹnì kẹta, Láṣebìkan.
Ẹnì kẹsàn-án, Rafátù, tó ku oṣù mẹ́ta kó fẹ̀yìn tì.
Mo fi gbogbo àmì ohùn sí orúkọ rẹ̀ bó ṣe kọ́ mi,
ó máa ń ní orúkọ tí kò ní àmì
dà bí ẹni tó jáde láìwọ bàtà.
Mo wá tèmi títí dé ìkẹrìnlá.
Kò sí.
Ẹ má bi mí bóyá inú mi dùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Láṣebìkan gbé ọ̀pá wọlé,
ó rọra ń rìn, bí ẹni gbé omi tó kún.
Gbogbo ọlọ́lá dìde.
Ọ̀pá ni wọ́n dìde fún.
Mo kọ ọ́: Ilé bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méje.

Nínú báàgì mi, lẹ́yìn rìsíìtì owó iná,
gbólóhùn kan wà tí mo fi pẹ́ńsù kọ,
pẹ̀lú ọjọ́, pẹ̀lú aago, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ ọ́.
N kò tíì mọ ẹni tí n ó fi hàn.
Ọ̀kadà tó ń lọ Ọlàìyá ń fọn fèrè,
mo di báàgì náà mú sáyà, mo gùn ún.