Fọ́ọ̀mù Méjì

Fọ́ọ̀mù méjì ló wà lórí itan mi
nínú ṣọ́ọ̀bù, lẹ́bàá ọ̀nà tó wọ Ìsarà.
Ọ̀kan ń dán bíi dígí.
Èkejì, ẹ̀dà inú ẹ̀dà ni, lẹ́tà rẹ̀ ti ń pòórá,
ẹnìkan ti gbé ife tíì lé e lórí.
N kò yáwó rí.
Awọ àti gọ́ọ̀mù ni mo mọ̀,
mo mọ bí abẹ́rẹ́ ṣe ń gún àtàǹpàkò.

Iléèwé kan ní Ṣàgámù fẹ́ igba bàtà dúdú
kí àwọn ọmọ tó wọlé lóṣù kẹsàn-án.
Ọwọ́ lásán kò lè rán igba bàtà.
Ẹ̀rọ tí mo rí, ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún náírà ni,
ẹni tó ń tà á kò sì fẹ́ gbọ́ "ẹ jọ̀ọ́".

Mo lọ sí báńkì.
Wọ́n fi okùn so bírò mọ́ tábìlì.
Mo ní nínú ọkàn mi: bírò ni wọn ò tíì fọkàn tán mi sí yìí!
Ṣùgbọ́n Mojírayọ̀, ọmọbìnrin orí àga, fẹ̀rín gbà mí.
Ó ní tó bá di ọjọ́ Ẹtì, owó á dé,
kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ àfi fóònù mi.
Mo ní, èlé ńkọ́? Ó ní, náírà mẹ́ta péré
lórí ọgọ́rùn-ún. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Lóṣooṣù."
Owó ìwé tún wà, owó adójútòfò wà,
wọ́n á ti yọ wọ́n kí tèmi tó kàn mí lọ́wọ́,
n ó sì máa san èlé lórí èyí tí n kò fojú rí.

Mo lọ sípàdé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀,
lórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀,
eékún wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n.
Akọ̀wé, Bàbá Ọnàfẹ̀sọ̀, ṣí ìwé gbọọrọ:
"Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin lo ti fi pamọ́.
Ìlọ́po méjì la ó yá ọ. Kò ní lé.
Náírà mẹ́wàá lórí ọgọ́rùn-ún, fún ọdún kan gbáko.
Mú oníduró méjì wá, láàárín wa níbí,
kí o sì dúró de ìpàdé oṣù tó ń bọ̀."
Ọgọ́jọ ẹgbẹ̀rún.
Ìdajì ẹ̀rọ, àti abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo rántí Ẹfúnyẹmí, ìyá ìyá mi.
Pọ́n-ùn mẹ́fà ni bàbá rẹ̀ yá lọ́wọ́ olóko kan,
ó sì fi í ṣe ìwọ̀fà.
Wọn kò kọ èlé sínú ìwé kankan,
òun gan-an ni èlé:
òwúrọ̀ rẹ̀ ni èlé, ẹ̀yìn rẹ̀ tó tẹ̀ ni èlé,
obì tó ń ṣà títí ó fi kọjá ọmọge.
Kò sẹ́ni tó sọ iye tó kù fún un.
Òun ló máa ń wí pé, kí ẹni tó fẹ́ yáwó bi ara rẹ̀
ta ni yóò kọ́kọ́ jí láàárọ̀,
òun ni, àbí gbèsè.

Mo kọ ọ̀rọ̀ sínú èyí tí tíì ti bà jẹ́.

Kì í ṣe pé áńgẹ́lì ni ẹgbẹ́ o.
Bí mo bá dé wíìgì tuntun, wọ́n á wò ó
bí ẹni ń wo owó ara rẹ̀.
Oníduró mi, Ṣólùadé, ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá
lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́; kíkí rẹ̀ ti pọ̀ jù.
Báńkì ìbá bò mí láṣìírí.

Ẹ̀rọ ògbólógbòó ni mo rà ní Ìkẹ́nnẹ́,
lọ́wọ́ bàbá kan tí ojú rẹ̀ kò ríran sí òwú mọ́.
Ọgọ́rin bàtà ni mo rí rán.
Ọgọ́fà tó kù bọ́ sọ́wọ́ ẹnìkan ní Ìjẹ̀bú-Òde,
báńkì ló ti yáwó, mo gbọ́.
N kò bi í bó ṣe ń sùn.

Sátidé àkọ́kọ́ oṣù, mo di owó sínú láílọ́ọ̀nù,
Bàbá Ọnàfẹ̀sọ̀ kà á, ó pọnu lá, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì,
ó wá ké iye tó kù sókè, létí gbogbo ènìyàn.
Ojú tì mí.
Ẹfúnyẹmí,
wọ́n ń sọ iye tó kù fún mi.